Òkété àti Ohùn Abẹ́ Ilẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iṣu tán, ṣé gbogbo ohùn yín nìyẹn? Abẹ́gúndé, sún mọ́bí, má fara ti ògiri bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ẹ̀n-ẹ́n! Àlọ́ mi gbéra, ó fò fẹ̀rẹ̀, kò bà lé Ìjàpá lónìí. Ó ti rẹ Ìjàpá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Orí Òkété ló bà lé, Òkété oníhò, òun àti Ìyá Etu àgbàlagbà.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí gbogbo ẹranko ṣì ń gbé ìlú kan náà, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n ńlá kan. Àgbàlá Baálẹ̀ Erin ni wọ́n gbé e sí. Bí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, Erin á tan jẹnẹrétọ̀, kálukú á gbé ẹní rẹ̀ jáde, wọ́n á máa wo fíìmù. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n náà dáa o! Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀? Yànmùyánmú létí ẹni tó ń sùn lọ́gànjọ́ jù ú lọ.

Ìyá Etu ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ojú Ìyá Etu ti fọ́ tipẹ́, etí ló fi ń wo fíìmù. Òun ló máa ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹní. Bí gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Kí ló ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe?" Kí wọ́n tó ṣàlàyé tán, ibi tó pani lẹ́rìn-ín ti kọjá.

Erin bá pe ìpàdé. Ó ní, "Ìyá wa kò gbádùn fíìmù. Ẹ jẹ́ ká dá nǹkan jọ, ká fi ra sípíkà. Wọ́n ní irú kan wà tí wọ́n ń pè ní hóómù tíátà. Wọ́n á tò ó yí èèyàn ká, ohùn á máa ti iwájú wá, á máa ti ẹ̀yìn wá."

Wọ́n ní ó dáa. Ìmọ̀dò gbé iṣu wá. Ehoro gbé ẹ̀pà wá. Ìyá Etu gbé orúnlá tó ti tọ́jú de ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn jáde. Wọ́n ní kó mú un padà. Ó ní, "Etí mi ni yóò jẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó san tirẹ̀." Wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹrù kan péré ni. Ìlú náà kò lówó, ṣùgbọ́n wọ́n ní ara wọn.

Ta ni yóò wá lọ sọ́jà? Òkété ti dìde kí wọ́n tó béèrè. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, abẹ́ ilé ìtajà rédíò ni mo dàgbà sí nígboro. Kò sí sípíkà tí n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹrù rù ú. Kò sẹ́ni tó rántí bi í pé kí ló lé e kúrò nígboro.

Ó dé ṣọ́ọ̀bù Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ní, "Ẹ káàbọ̀. Kí n tó gbé ọjà kankan fún yín, báwo ni ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí ṣe tóbi tó? Orin lẹ fẹ́ gbọ́ ni, àbí fíìmù?"

"Ṣé yàrá ni mo wá rà ni? Gbé ọjà wá jàre!"

Ọ̀bọ gbé kékeré kan jáde. Àpótí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju agolo bisikíìtì lọ. Ó ní, "Ẹ dijú. Ẹni tó bá lajú ra sípíkà, iná tó ń tàn lára rẹ̀ ni yóò rà." Òkété dijú. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nínú àpótí náà. Òkété gbọ́ ọ̀rọ̀, ó gbọ́ mímí tó mí kó tó sọ ọ́. Ọ̀bọ ní, "Ọ̀rọ̀ ẹnu lọba fíìmù. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ariwo ló rà. Ẹrù yín sì tó èyí rẹ́gí."

Ṣé kí Òkété sanwó kó máa lọ nìyẹn? Kò lọ o. Ojú rẹ̀ bọ́ sí kọ̀rọ̀. Ó rí wúfà kan níbẹ̀, sípíkà ohùn ìsàlẹ̀, ó tóbi bí odó.

"Èyí ńkọ́?"

"Tòkunbọ̀ ni. Ẹrù yín lè rà á. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn ńlá ló wà fún, torí ilẹ̀ ló ń mì. Ẹ má gbé e sí yàrá kékeré o."

Ó tàn án. Gbìì! Inú Òkété mì, irùngbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n. Ó dùn mọ́ ọn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Irú ohùn báyìí, kí gbogbo ìlú wá bá mi pín in? Láéláé!" Ó gbé ẹrù ìlú sílẹ̀ lódidi, tòun torúnlá Ìyá Etu, ó ra wúfà fún ara rẹ̀.

Ó wá ní, "Ọ̀bọ, ènì mi dà?"

"Ènì kẹ̀? Lórí wúfà?"

"Ìgbà wo la ń rajà tí a kì í gba ènì? Àwọn àpótí gàgàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ńkọ́?"

"Ìyẹn? Pákó lásán ni. Mo fi ń pàtẹ ni, kò sí nǹkan kan nínú wọn."

"Bí mo ṣe fẹ́ wọn gan-an nìyẹn. Fi sípíkà rédíò kékeré kan sínú ọ̀kan fún mi."

Ẹ ti rí i? Ènì ló fẹ́ gbé lọ fún ìlú.

Ọ̀nà ìgbẹ́ ló gbà wọlé. Ihò rẹ̀ wà lábẹ́ àgbàlá Erin gan-an, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní nígbà náà. Wúfà kò gba ibẹ̀ wọlé. Òkété fẹ ẹnu ọ̀nà, ó ha ògiri, ó ha òkè, títí tó fi rí i tì wọlé. Ó fa wáyà láti ìdí tẹlifíṣọ̀n gba abẹ́ ilẹ̀ wá síbẹ̀. Ìgbà tó parí ìyẹn ló tó gbé àpótí pákó gba ojú ọ̀nà wọ̀lú, ó ń kọrin.

Àwọn ará ìlú rí àpótí gàgàrà, wọ́n rí iná pupa, wọ́n rí iná àwọ̀ ewé. Inú wọn dùn. "Ẹ kú ọrọ̀ o!" "Á pẹ́ lọ́wọ́ wa o!" "Á ṣe é lò o!" Erin gbàdúrà títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n jó yí àpótí ká. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò.

Ẹ fetí sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣìnà. Nílùú yẹn, bí àgbà bá ti gbàdúrà sí nǹkan tuntun tán, ẹni tó bá ní kò dáa, wọ́n á ní ìlara ló ń ṣe é.

Wọ́n tan fíìmù. Kíń, kíń, kíń ni àpótí ń dún. Gbogbo wọn wo ara wọn. Erin fẹ etí rẹ̀ méjèèjì bí abẹ̀bẹ̀, ó ní, "Hẹn-ẹn! Ó ń dún!"

Ehoro ní, "Ó tilẹ̀ fẹ́ di mí létí!" Irọ́ ńlá!

Ìyá Etu ló sọ òótọ́. Ó ní, "Ẹ má bínú o, èmi kò gbọ́ nǹkan kan."

Òkété sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí olóore. "Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Sípíkà yìí ò ní àbùkù. Etí yín ló ń lọ."

Ìyẹn dùn mí títí di òní tí mo ń sọ ọ́ yìí. Ìyá Etu káwọ́ lérí, ó ní, "Ojú lọ, mo ní kò burú. Bí etí bá tún lọ, kí ló kù tí mo fi ń bá yín jókòó?" Kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé àwọn náà kò gbọ́.

Òkété ní inú ń run òun, òun ń lọ sùn. Inú wo ló ń run ún? Ó wọ ihò, ó na ẹsẹ̀, ó tan wúfà. Ìlú ń wo àwòrán lókè, Òkété ń jẹ ohùn nísàlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ni wúfà, ẹ fi àyà gbé e:

Ta ló ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ o?
*Gbìì, gbìdì gbìì!*
Ẹ gba àwòrán, ẹ máa wò ó,
*Gbìì, gbìdì gbìì!*
Ohùn ń bẹ nílé Òkété,
*Gbìì, gbìdì gbìì!*
Èmi nìkan ni mo ni ín o,
*Gbìì, gbìdì gbìì!*

Ṣẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá àwọn ọmọ, yẹ̀pẹ̀ ń já bọ́ sínú ọbẹ̀."

"Dé ọbẹ̀."

"Gbòǹgbò igi ti ń yọ lókè orí wa o."

"Má wo òkè."

Lókè, Ìyá Etu ti dojú bolẹ̀ lórí ẹní kí wọ́n má baà rí ẹkún rẹ̀. Etí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin: "Ìyàwó mi dà?" Ó gbọ́ ohùn obìnrin: "Ó ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀." Ó dìde jókòó wàràwàrà.

"Baálẹ̀, kí ni ọkùnrin inú fíìmù ń ṣe?"

Erin wo tẹlifíṣọ̀n. "Ó... ó ń yanu, Ìyá."

"Ó ní ìyàwó òun dà. Wọ́n ní ó ti kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́."

Erin gbé etí ńlá rẹ̀ lélẹ̀. "Háà!" Ehoro gbé tirẹ̀ lélẹ̀. "Yéè!" Gbogbo ìlú dojú bolẹ̀, wọ́n ń gbọ́ fíìmù. Ìyá Etu pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Etí mi ò lọ o! Etí mi ò lọ! Ohùn ni wọ́n gbé lọ!"

Àsìkò yẹn gan-an ni ogun bẹ́ sílẹ̀ nínú fíìmù. Òkété ní, "Ṣé ibi tí yóò dùn mọ nìyí?" Ó yí ohùn wúfà dé òpin.

GBÌÌ!

Àárín àgbàlá wọlẹ̀. Ẹní wọlẹ̀, àpótí pákó ṣubú, ó fọ́, gbogbo wọn rí òfìfo inú rẹ̀ àti sípíkà rédíò kékeré náà. Ihò Òkété wó lé e lórí. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ti dí pa. Wúfà dákẹ́.

Ìmọ̀dò gbọnwọ́ nù. Ó ní, "Ó ti wà pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ ọ lọ."

Ìyá Etu ní, "Ọmọ wà níbẹ̀. Ẹ dákẹ́, gbogbo yín! Ẹ pa jẹnẹrétọ̀."

Wọ́n pa á. Obìnrin arúgbó náà dojú bolẹ̀, ó gbé etí lélẹ̀, ó rìn lórí orúnkún síbí, ó rìn sọ́hùn-ún. Ó dúró. Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀. "Ọmọ ń sunkún níbí. Ẹ rọra wà á."

Ìmọ̀dò kò jiyàn mọ́. Ó fi imú wà á, ó fi eyín wà á. Ọmọ Òkété kan jáde, èkejì jáde, Ṣẹ̀gilọlá jáde tòun tìkòkò ọbẹ̀. Òkété ló jáde kẹ́yìn, yẹ̀pẹ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó wólẹ̀ níwájú Ìyá Etu.

Ìyá Etu bi í pé, "Òkété, ṣé etí mi ṣì ń lọ?"

Ibi tí ojú gbé ń ti Òkété nìyẹn. Ìlú ní kó lọ máa roko fún Ọ̀bọ títí iṣẹ́ rẹ̀ fi tó hóómù tíátà kékeré náà. Ó ro ó láìjanpata. Nígbà tó gbé e dé, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ "ẹ kú ọrọ̀" bí ìṣe wọn, Erin ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbàdúrà sí i. Kí Ìyá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná."

Wọ́n to àwọn àpótí kékeré náà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín. Kò sí iná pupa, kò sí iná àwọ̀ ewé. Wọ́n tan fíìmù. Ọkùnrin kan ń jẹun nínú yàrá, òun nìkan. Gbogbo ìlú ń wo oúnjẹ rẹ̀.

Ìyá Etu gbé orí sókè. Ó ní, "Ẹ sọ fún un kó má jẹun mọ́. Ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rọra ń bọ́ bàtà."

Ehoro ní, "Ìyá, kò sẹ́nì kankan."

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo ìlú fò sókè! Ìyá Etu nìkan ló jókòó jẹ́ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn tó lójú ló ń bi í pé, "Ìyá, kí ló ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe?"

Òkété náà kọ́gbọ́n. Bó bá gbẹ́ ihò, ẹnu ọ̀nà méjì ló ń ṣe sí i. Bó bá sì gbọ́ gìrì lókè ilẹ̀, ó ti gba ẹ̀yìn jáde. Ẹ bi ọdẹ tó bá ń dẹ ẹ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ó jókòó síwájú yín: ẹni tó bá fẹ́ ra ohùn wọlé, kó kọ́kọ́ wo yàrá rẹ̀, kó wo ọwọ́ rẹ̀, kó dijú, kó gbọ́ ọ, kó tó gba "ẹ kú ọrọ̀". Ẹni tí wọ́n bá sì rán lọ ra nǹkan gbogbo ìlú, kó má fi ènì jíṣẹ́. Ilẹ̀ tó fi bo olè mọ́lẹ̀ ni yóò tú u fó.

Bí mo bá purọ́, kí ẹnu mi má dún. Ẹ jẹ́ n dán an wò lójú yín, torí a kì í gba nǹkan láìdán an wò mọ́. Pó! Pó! Pó!

Ó dún àbí kò dún?

Ó dún o!