Ìdí Tí Akàn Fi Ń Fi Ẹ̀gbẹ́ Rìn

Láéláé, kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa, iwájú gan-an ni Akàn máa ń rìn sí. Á yọ àyà, á máa wo gbogbo ará etí odò lójú.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sùn, ó kó ogójì owó ẹyọ fún Akàn.

"Ọ̀rẹ́ mi, bá mi fi pamọ́ títí òjò á fi dé."

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn le. Ebi ń pa àwọn ọmọ Akàn. Ó mú owó kan, ó fi ra ẹja gbígbẹ. Ó tún mú méjì. Ó ní òun á dá a padà. Kó tó mọ̀, ogún ti lọ.

Òjò rọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Akàn, o kú ẹ̀ẹ̀rùn o! Ogójì mi dà?"

Akàn fẹ́ sọ pé òun ò gba nǹkan kan. Àmọ́ Ọ̀pọ̀lọ́ yìí ló gbà á sílé nígbà tí àgbàrá wó ihò rẹ̀. Ojú ò gbà á.

"Ogún lo fún mi," ló sọ.

"Ogún kẹ̀?"

Ó di ọ̀dọ̀ Ẹfọ̀n, àgbà tó ń dá ẹjọ́ wọn.

"Ẹlẹ́rìí ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá," ni Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn.

Ẹfọ̀n ní, "Ẹni tó bá sẹ́ gbogbo rẹ̀, tí kò sí ẹlẹ́rìí, a ò ní kó búra. Ẹni tó bá jẹ́wọ́ apá kan ló ń búra lórí ìyókù, torí ìtìjú ṣì wà lójú ẹ̀. Akàn, san ogún tó o jẹ́wọ́. Wo irin lọ́hùn-ún. Rìn tààrà lọ bá a, dì í mú, kó o búra fún Ọ̀pọ̀lọ́ lójú ẹ̀ pé o ò gba ogún yòókù."

Akàn gbéra. Ọ̀pọ̀lọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó ń wò ó. Kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Akàn ò lè wo ojú yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sọ́tùn-ún. Wọ́n ní kó padà. Ó yà sósì.

Ìgbín pariwo, "Ọ̀gá, ṣé ká wá gbé ọ ni? Èmi gan-an ì bá ti débẹ̀!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìgbín ló ń fi í ṣẹ̀sín pé kò yá lẹ́sẹ̀!

Akàn fi ọwọ́ ńlá méjèèjì bo ojú.

"Ẹ má jẹ́ n búra. Ogójì ni. Mo fi ogún bọ́ ọmọ."

Ọ̀pọ̀lọ́ mí kanlẹ̀. "Ṣé torí ọmọ náà ni? Ká ní o sọ fún mi nílé ni, ǹ bá ní kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Akàn ju ẹ̀rín gbogbo ìlú lọ. Ó ṣiṣẹ́, ó san ogójì pé. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tọ́ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni akàn ti ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tó ń gbé ọwọ́ ńlá méjì síwájú ojú. Bí òjò bá rọ̀, tí ọ̀pọ̀lọ́ bá ké, kíá ló ń sá wọ ihò. Ọ̀pọ̀lọ́ ò sì bi í léèrè owó mọ́ o. Ó kàn ń kí i ni.