Ilé Olorì Tí Látúndé Fi Ìwé Mọ

Kò sí ọ̀mọlé tó mọ iṣẹ́ tó Látúndé ní ìlú Odò-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì sí èyí tó ń kánjú tó o. Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, ló máa ń fà á lẹ́wù.

Àṣà ìlú náà ni pé bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá, ọ̀mọlé yóò kọ́kọ́ fi ìwé ṣe é ní kékeré, yóò gbé e sórí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọ sí, ilé kékeré yìí yóò sì wà níbẹ̀ mọ́jú. Bí ó bá wó, ọ̀mọlé náà kò gbọdọ̀ mọlé nílùú mọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ ààfin tuntun bọ́ sí Látúndé lọ́wọ́, tọkọtaya náà rẹ ìwé ògbólógbòó sómi, wọ́n gún un kúnná lódó, wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n sì po ẹ̀kọ tó ki mọ́ ọn. Àrìnpé ń tẹ̀ ẹ́ sínú igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí: ògiri, òpó, fèrèsé tí kò ju èékánná lọ. Wọ́n sá wọn gbẹ, wọ́n sì tún fi ẹ̀kọ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ilé ọba parí, ó dùn ún wò. Ó ku ilé olorì, ni ògì tí wọ́n fi ń po ẹ̀kọ bá tán.

"Ẹ jẹ́ kí n rẹ àgbàdo," Àrìnpé wí. "Ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ẹ bẹ Kábíyèsí."

"Ẹnu mi kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀." Látúndé tutọ́ sí etí ògiri kan, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì, ó sì lẹ̀. "Ṣé o rí i? Ta ni yóò mọ̀?"

Itọ́ ló fi lẹ ilé olorì tán, wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ síta lálẹ́. Ìrì sẹ̀ púpọ̀ mọ́jú. Nígbà tí wọ́n bá ọba àti olorì àgbà débẹ̀ láàárọ̀, ilé ọba dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ilé olorì ti wó pẹrẹsẹ. Àrìnpé mọ̀ pé iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́.

Ọba mú ògiri kan nílẹ̀. "Látúndé, kí lo fi mọ eléyìí?"

Látúndé ì bá purọ́ pé ewúrẹ́ ló kọjá. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, itọ́ ni."

Ẹ̀rín pa olorì àgbà. "Ilé tiwa lo wá fi itọ́ mọ! Orí mi ṣeun tó jẹ́ pé ìwé ló wó, kì í ṣe amọ̀. Kábíyèsí, ẹ foríjì í. Ẹni tó sọ òótọ́ báyìí kò ní fi ilé amọ̀ tàn wá."

Ọba náà rẹ́rìn-ín. Ó fún Látúndé ní ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí Àrìnpé máa ṣọ́ ọ. Ara tu obìnrin náà débi pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló jókòó sí. Ó délé, ó rẹ àgbàdo, Látúndé kò sì sọ fún un pé kó ṣe kíá. Nígbà tí wọ́n gbé ilé olorì kejì síta, ìrì tún sẹ̀, òpó kan ṣoṣo kò yẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o."