Àwẹ̀ró, Ìbídùn àti Àdín Gbígbóná

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni Àwẹ̀ró àti Ìbídùn ní abúlé Eréko-Ọ̀pẹ. Ìyá wọn ti kú, iṣẹ́ àdín ni ó fi sílẹ̀ fún wọn. Ìdí ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń din ẹkùrọ́, àwo kan náà ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, ooru ìkòkò jó Ìbídùn lápá. Ara rẹ̀ lé ròrò, ó sì bó. Àwẹ̀ró fi àdín tútù pa á, ó ní:

“Má sunkún mọ́. Awọ òkè ló bó. Kò nípọn ju awọ àlùbọ́sà lọ, òmíràn sì ti ń hù bọ̀ lábẹ́ rẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ibi tó jó.

Ẹ̀yìn èyí ni aládùúgbò kan sọ fún Àwẹ̀ró pé Ìbídùn ń sọ kiri pé àdín ẹ̀gbọ́n òun máa ń jóná. Àwẹ̀ró kò wádìí. Tìbínú-tìbínú ló fi dé ìdí ìkòkò.

Ìbídùn ní, “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi.”

Ìgbákọ àdín gbígbóná ni Àwẹ̀ró fi dá a lóhùn.

Ìbídùn fi apá bo ojú rẹ̀, apá náà ni àdín sì dà lé. Àdín náà kò dúró ní awọ òkè. Ó jẹ wọnú, ó run awọ ìsàlẹ̀ tó yẹ kó hu òmíràn. Kò pẹ́ tí àṣírí tú pé irọ́ ni aládùúgbò náà pa. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó sunkún, ó sì tọ́jú àbúrò rẹ̀ títí òjò ọdún náà fi dá.

Ìbídùn ní, “Ẹ dìde. Mo ti forí jì yín.”

Egbò náà jiná, ṣùgbọ́n ojú àpá rẹ̀ ń dán. Irun kò hù níbẹ̀, òógùn kò sì jáde níbẹ̀ bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ojoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń fi àdín pa á, bóyá yóò padà sípò.

Wọ́n tún jọ ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ nígbà tí Àwẹ̀ró gbé ìgbákọ sókè láti fi bu ìfófòó. Ìbídùn fò sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Ẹ̀rín dá.

“Àbúrò mi, èmi mà ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni,” ni Ìbídùn wí. “Ara mi ni kò gbàgbé.”

Àwẹ̀ró rọra gbé ìgbákọ kalẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un pa lówe pé, ojú àpá kò lè jọ ojú ara.