Ọ̀bẹ Sójà Múfútàù

Owó tí ì bá ra àgbò kejì ni Múfútàù fi ra ọ̀bẹ sójà kan, tó dúdú, tó nípọn, tó sì ní eyín ayùn lẹ́yìn. Ó ní ọ̀bẹ náà ni òun yóò fi dúńbú ẹran Iléyá.

Nírọ̀lẹ́ tí ọdún ku ọ̀la, okùn lọ́ mọ́ àgbò rẹ̀ lọ́rùn. Bí wọn kò bá dúńbú rẹ̀ kó tó kú, ó di òkúǹbete nìyẹn, Mùsùlùmí kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ràmọ́tù, ìyàwó Múfútàù, sáré gbé ọ̀bẹ ìdáná wá.

“Bàbá Káfílá, ẹ gbà. Àárọ̀ yìí ni mo pọ́n ọn.”

“Ọ̀bẹ tí o fi ń rẹ́ ilá? Gbé e kúrò níwájú mi.”

Ó fi ọ̀bẹ sójà fa ọrùn àgbò síwá sẹ́yìn. Irun nìkan ló ń já. Kó tó nawọ́ gba ti ìyàwó rẹ̀, ẹran ti kú.

“Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́,” ni Ràmọ́tù wí. “Ẹ ṣe bí èmi lẹ̀ ń bú. Ó yá, ẹ fi ọ̀bẹ yín gbẹ́lẹ̀, kí ẹ sin àgbò yín.”

Ọ̀bẹ náà gbẹ́lẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣe fún gbogbo owó yẹn nìyẹn.