Orúkọ Ara Òkúta Ìrántí

Ọkùnrin kan wà tó ń ta pákó. Nígbà tí ìjọ rẹ̀ ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, òun ló fi gbogbo pákó òrùlé ta wọ́n lọ́rẹ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà èwe ló fún wọn ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù ṣí aṣọ lójú òkúta ìrántí, orúkọ onílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Onípákó pàtẹ́wọ́ ju gbogbo ìjọ lọ, bẹ́ẹ̀ ni owú ń jẹ inú rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi bá ẹgbẹ́ ọkùnrin ìjọ lọ wo ìlú àtijọ́ kan nílẹ̀ Faransé. Kí onípákó tó kúrò nílé, ó pe bíríkìlà kan sí kọ̀rọ̀.

“Kí n tó dé, ha gbogbo ohun tó wà lára òkúta yẹn dànù. Má dá ohunkóhun sí, má sì bi mí léèrè.”

Kàtídírà ìlú náà ga débi pé ẹni tó bá gbójú sókè wò ó, fìlà á já bọ́ lórí rẹ̀. Oòrùn ń gba ara dígí aláràbarà wọlé, ó ń ta pupa àti búlúù sílẹ̀. Onípákó ò rí ìkankan níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu rí, ó gbọ́ Faransé, òun sì ni obìnrin tó ń mú wọn kiri ń rẹ́rìn-ín sí.

“Nílé, òun. Lẹ́yìn odi, òun náà ni!” Onípákó ń kùn sínú.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n gba mùsíọ́mù ìlú lọ, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí. Wọ́n bá òkúta pẹlẹbẹ kan níbẹ̀, tí wọ́n hú nílẹ̀ kàtídírà. Ẹsẹ̀ àwọn olùjọ́sìn ti pa ohun tí wọ́n kọ sí i rẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ obìnrin náà fún wọn.

“Ó ní olówó kan ló ni òkúta yìí, ẹni tó fún ìjọ ní ilẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́.”

Inú onípákó dùn dọ́ba. Àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín.

“Báyìí ni tèmi náà máa rí lọ́jọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ kó o délé kó o tó rí i ni, àmọ́ ẹnu ń yún mi. Mo ti bẹ bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti ń kọ orúkọ rẹ mọ́ tèmi. Bó bá máa pa rẹ́, kó kúkú pa wá rẹ́ pọ̀.”

Onípákó sáré jáde, ó tẹ bíríkìlà láago.

“Mo ti ṣe é, Bàbá. Mo tiẹ̀ bá orúkọ yín níbẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó yà mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ ní kí n má dá ohunkóhun sí, kí n má sì bi yín léèrè.”

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde wá bá a, ó ní ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà nílé. Onípákó ò lè wò ó lójú.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, mo rí ọ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ọmọnìkejì rẹ joyè nínú ìjọ. O pàtẹ́wọ́ gan-an. Bí o bá ti rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ sí òkúta rẹ̀, dìde nísinsìnyí, kó o lọ pè é padà. O ò mọ̀ bóyá orúkọ rẹ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ mọ́ tòun.