Àpótí tí Ìgbín Fá fún Àna Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹni tó ń tòògbé níbi ògiri yẹn kò dáhùn. Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ ṣeun. Àlọ́ mi yìí yọ̀ tẹ̀rẹ́, kò balẹ̀ sórí ọba, kò balẹ̀ sórí ìjòyè, orí Ìgbín ló balẹ̀ sí. Ó kan Ìyá Òkété, ó kan Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀, ó kan Ọ̀bọ tó ń ta irinṣẹ́ lọ́jà, ó sì yà ní ọ̀dọ̀ Òbúkọ onírùngbọ̀n. Ẹ sún mọ́ iná, ẹ gbọ́.

Ní ayé ìgbà náà, Ìgbín ní ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹsẹ̀ méjì, bí tèmi, bí tiyín. Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń gbé ìkarahun rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn bí àpò káfíńtà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ ṣe sùúrù.

Ìgbín fẹ́ràn Àwẹ̀ró, ọmọ Òkété. Àwẹ̀ró náà fẹ́ràn Ìgbín. Bí ó bá jẹ́ ti àwọn méjèèjì ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n ìyá wà níbẹ̀, a kì í sì í gba ẹ̀yìn ìyá fẹ́ ọmọ.

Ní ìlú wọn, iṣu kọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó. Orógbó kọ́, oyin kọ́. Àpótí ìjókòó ni. Ọkọ ìyàwó yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí fún ìyá ìyàwó. Kò gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni kàn án. Kò gbọdọ̀ fi irinṣẹ́ àyálò kàn án, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá fi irinṣẹ́ àyálò fẹ́ ìyàwó, ọjọ́ tí olóhun bá wá gba irinṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó á bá a lọ.

Tí ó bá kàn án tán, ìyá ìyàwó á ró aṣọ sányán rẹ̀, èyí tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Á jókòó. Á yí sọ́tùn-ún, á yí sósì, á yí padà sí àárín. Bí ẹ̀gún igi bá fa òwú kan ṣoṣo nínú aṣọ náà, ó parí. Ọkọ á gbé àpótí rẹ̀ rù, á máa lọ sílé, àwọn ọmọdé á sì máa hó lé e lórí.

Ẹtu gbé tirẹ̀ wá. Ó fa òwú. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé tirẹ̀ wá. Ó fa òwú, ó sì tún gún ìyá níbi tí n kò lè dárúkọ níwájú ọmọdé.

Inú bí Ìyá Òkété. Ó ní: "Ìgbín nìkan ló kù. Bí òun náà bá fa òwú aṣọ ìyá mi, mo búra, n ó mú Àwẹ̀ró, a ó sọdá odò lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀hún ni yóò ti lọ́kọ."

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni ó dá fún Ìgbín.

Àwẹ̀ró pàdé Ìgbín létí odò. Ó ní: "Ìgbín, jọ̀ọ́, má kánjú o. Aṣọ yẹn ti gbó. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lásán, àyà mi a máa já."

Ìgbín ní ayùn. Ó ní òòlù. Kò ní ìfági, ìfági ni wọ́n sì fi ń sọ pákó di jíjọ̀lọ̀. Ló bá kọrí sí ọjà, ó dé ìsọ̀ Ọ̀bọ. Ìfági onídẹ wà lókè, ó ń dán. Ìfági kékeré tí wọ́n fi igi dáradára ṣe wà láàárín. Ọ̀kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ọ̀bọ, ó ti dógùn-ún.

Ìgbín ní: "Bàbá Ọ̀bọ, ẹ káàárọ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Èyí? Àwọn tó lówó kì í wò ó."

"Èmi ò lówó, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Owó pọ́ọ́kú ni ó rà á. Ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, ó ń yọ̀ lọ sílé. Ó gbé pákó ìrókò kalẹ̀, ó fi ìfági lé e, ó tì í. Gàrà! Ó bu igi jẹ. Ó tún tì í. Gàrà! Ó tún bu òmíràn. Ó tì í lẹ́ẹ̀kẹta, ìfági fò sókè, ó já bọ́ sílẹ̀. Ìgbín wo pákó, ó dà bí ibi tí adìyẹ ti ń tan ilẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà lọ bá Ọ̀bọ. "Bàbá Ọ̀bọ, ìfági tí ẹ tà fún mi kò dára."

Ọ̀bọ ní: "Ṣé o kọ́ ọ?"

"Kí n kọ́ kí ni? Kí n kọ́ ìfági?"

"Ìfági olówó pọ́ọ́kú, ọmọ tí wọn ò tíì kọ́ ni. Ẹni tó tà á kò kọ́ ọ, ìwọ tí o rà á ni yóò kọ́ ọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìfági tí a kò kọ́ ni yóò ba pákó tí a rà jẹ́."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ, bàbá?"

Ọ̀bọ wo òkè. Ó wo àpò Ìgbín. "Òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ni mo ń gbọ́ nínú àpò yẹn?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀bọ mọ gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Ó lè sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ rí i báyìí, ọgbọ́n inú Ọ̀bọ, ti ikùn ni.

Ìgbín fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀bọ jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu. Ó ní: "Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tẹ́. Fi èédú kùn ún, kí o máa fà á lórí òkúta pẹrẹsẹ létí odò. Ibi tí èédú bá ti ṣí, ibẹ̀ ló ga. Ibi tó bá ṣì dúdú, ibẹ̀ ló jìn. Máa fà á lọ títí dúdú yóò fi tán."

Ìgbín lọ sí odò. Ó kun èédú, ó fà á. Ó yí i padà, ó wò ó. Ó tún kùn ún, ó tún fà á. Omi tútù ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ ń ké lókè, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìmọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Dúdú tán. Ìsàlẹ̀ ìfági tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ó délé, ó fi lé pákó. Kò fò mọ́. Ṣùgbọ́n kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, ó kàn ń họ igi ni, igi sì ń ta wúruwùru bí ẹní àtijọ́.

Ìgbín mú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tún lọ.

Ọ̀bọ jẹ ẹ́ tán. Ó ní: "Irin inú rẹ̀ ti kú. Pọ́n ọn. Ẹ̀yìn irin ni kí o kọ́kọ́ pọ́n títí yóò fi máa dán, kí o tó wá pọ́n ẹnu rẹ̀. Tí o bá pọ́n ọn tán, dán an wò lára irun."

Ìgbín pọ́n irin. Ó wá wo ara rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó, níbo ni irun wà lára Ìgbín? Ló bá lọ kan ilẹ̀kùn Òbúkọ, aládùúgbò rẹ̀. Nígbà náà, irùngbọ̀n Òbúkọ kún láti etí dé etí.

"Òbúkọ ọ̀rẹ́ mi, yá mi ní irun díẹ̀."

"Díẹ̀ mélòó?"

"Díẹ̀ náà ni."

Ó fi irin kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. "Yéè! Ìgbín, ṣé o ń fá a ni àbí o ń tu ú?" Ìgbín lọ tún un pọ́n. Ó padà wá, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún náà. Ìdajì gé, ìdajì kù. Ó tún un pọ́n, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Òbúkọ dijú, ó há eyín pọ̀, ó ń retí ìrora. Ó retí, ó retí. Ìgbà tó lajú, ó rí irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ bí eérú. Ó ké, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó sá lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òbúkọ fi mọ́ títí dòní, tó jẹ́ abẹ́ àgbọ̀n nìkan ni irùngbọ̀n rẹ̀ kù sí. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo ń pa àlọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ìgbín fi irin padà sínú ìfági, ó tì í. Gbì! Ó wọ inú igi, ó há síbẹ̀. Ìgbín kò sunkún mọ́. Ó ti mọ ọ̀nà. Ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù, ó lọ.

Ọ̀bọ ní: "Irin ti yọ jáde jù. Fi òòlù kan ìdí ìfági jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, irin á wọlé. Kan irin lórí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á jáde. Kàn án, kí o wò ó. Kàn án, kí o wò ó. Kí ó má yọ ju fọ́nrán irun kan lọ."

Ìgbín kàn án. Ó wọlé jù, ó ń yọ̀ kọjá lórí igi lásán. Ó kàn án, ó jáde jù. Ó tún kàn án jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó wò ó. Ó tì í.

Ṣíìììì!

Igi ká jáde lẹ́nu ìfági, ó gùn, ó fẹ́lẹ́, ó ń rùn dáadáa. Ìgbín gbé e sókè, ó rí ojú oòrùn láti inú rẹ̀. Òun nìkan ló wà nílé, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Orin bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ máa bá mi gbè é:

Ìfági mi, rọra fá a,
*Rọra.*
Aṣọ àna mi ò gbọdọ̀ fà,
*Rọra.*
Àwẹ̀ró ń retí mi nílé,
*Rọra.*
Má mà jẹ́ kó sọdá odò lọ,
*Rọra.*

Níbi tó ti ń kọrin, Ọ̀bọ yọjú. Ó wá wò ó bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì kù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti tán. Ó wo igi tó ká jọ sílẹ̀, ojú tì í díẹ̀. Ó ní: "Ó dára. Èyí tó kù, ọ̀fẹ́ ni. Fi òrí díẹ̀ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò ní máa di igi mú, apá kò sì ní ro ọ́."

Ìgbín fi òrí pa á. Áà! Ìfági ń sáré bí ẹni pé wọ́n ń fà á láti òdìkejì. Ó fá gbogbo pákó, ó kàn wọ́n pọ̀, ó tún fá ojú àpótí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lọ pa á bọ̀. Kò sí ẹ̀gún.

Ibí yìí ló yẹ kí Ìgbín dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó ní: "Bí òrí bá dára fún irin, ṣé kò ní dára fún àna mi ni?" Ó bu òrí, ó fi pa ojú àpótí. Ó tún bù ú, ó tún fi pa á. Ìkòkò òrí gbẹ, òrí sì ti kun Ìgbín fúnra rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé àpótí náà, ó yọ̀, ó ṣubú.

Ọjọ́ ọjà pé. Agbo ilé Òkété kún. Òbúkọ wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi aṣọ di ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé àyà. Ìgbín gbé àpótí kalẹ̀.

Ìyá Òkété ró sányán. Ó jókòó. Ó yí sọ́tùn-ún. Kò fa òwú. Ó yí sósì. Kò fa òwú. Ó yí padà sí àárín, ni ó bá yọ̀! Gbàà! Ìyá wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ wà lókè, gèlè ti bọ́ sórí adìyẹ. Àpótí nìkan ló kù níbi tó wà.



 Ìgbín sáré, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òrí ṣì wà lára rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ náà sì yọ̀. Láti àárín agbo ilé ló ti fi àyà yọ̀ dé iwájú àna rẹ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un sọdá odò!"

Ìyá Òkété dìde jókòó. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wo etí rẹ̀. Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ejìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni.

Ó ní: "Aṣọ ìyá mi kò fà! Gbogbo àpótí tí mo ti ń jókòó lé, wọ́n ń dì mí mú. Èyí nìkan ni kò fẹ́ mí lórí ara rẹ̀ rárá! Àwẹ̀ró, di ẹrù rẹ. O ti rí ọkọ."

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwẹ̀ró fò sókè. Ìgbín ṣì wà nílẹ̀, nítorí àna kì í dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde. Ó ní: "Ìyá, ṣé kí n dìde?"

"Dúró ná! Jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó nu ojú. Ó ní: "Ó tó, dìd—" Ojú rẹ̀ bá tún kan àpótí, ẹ̀rín tún dé. Wọ́n bu omi fún un, ó mu ún, ó fi ẹ̀rín tu ú jáde. Oòrùn ń rẹlẹ̀. Àwẹ̀ró ní: "Ìyá, a fẹ́ máa lọ o." Ìyá kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ.

Kò kúkú sọ pé kó dìde. Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbín ṣe fi ìdọ̀bálẹ̀ lọ sílé. Ó ń fi àyà wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, òrí ara rẹ̀ sì ń fa ìlà dídán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwẹ̀ró gbé ìfági dání, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kò rẹ̀ ọ́?"

"Rárá, ilẹ̀ tẹ́. Ṣé n kò falẹ̀ jù fún ọ?"

"Kí la fẹ́ sáré lọ ṣe?" ni Àwẹ̀ró wí.

Ìdí nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, tí Ìgbín fi ń fi àyà rìn títí dòní, tí ọ̀nà tó bá gbà fi ń dán. Ẹsẹ̀ tí kò lò mọ́ ti wọlé sínú ara rẹ̀. Ẹ má ṣàánú rẹ̀ o. Ọmọ tó fẹ́ ni ó gbé lọ sílé, ó kàn ń retí kí àna rẹ̀ ní kó dìde ni.

Àlọ́ mi ti fá dé òpin pákó. Ẹni tó bá ní mo parọ́, kó lọ wo ẹnu Òkété kó rí i bí eyín rẹ̀ ṣe wà níta: kò tíì rẹ́rìn-ín tán.