Bí Àwẹ̀ró Ṣe Tẹ Ìlú Àtinúdá Dó

Ẹ̀yin ọmọ Àtinúdá, ọmọ amọ̀ funfun, ọmọ a-fomi-tútù-gbàlejò, obìnrin ni ó tẹ ìlú yín dó. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ọba Ẹrẹ̀pupa, ìlú tí amọ̀ rẹ̀ pọ́n bí osùn. Amọ̀kòkò ni, ọmọ amọ̀kòkò.

Nígbà tí ogun sun Ẹrẹ̀pupa di eérú, tí ọba wàjà, Àwẹ̀ró kó ìyókù àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ igbó. Ohun kan ṣoṣo tí ó gbé dání ni àmù pupa ọlọ́rùn gígùn tí ìyá rẹ̀ mọ kí ó tó kú. Ní ẹnu odi, abọrẹ̀ òkè wọn, arúgbó tí kò lè rìn mọ́, dì í lọ́wọ́ mú, ó ní:

"Ibi tí ìkòkò rẹ kò bá ti sán nínú iná, ibẹ̀ ni ilé."

Wọ́n rìn. Ní ibùdó mẹ́fà ni Àwẹ̀ró ti wa amọ̀, tí ó mọ àmù bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, tí ó sì sun ún. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sán. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pa àmù pupa náà lára, bí ẹni tí ń wá ipa ọwọ́ ìyá rẹ̀. Àárò ilé ń sọ ọ́ dé egungun.

Ibùdó keje ni etí odò Ọ̀ṣẹ̀rẹ̀ yìí, níbi tí amọ̀ ti funfun bí ẹfun. Ìkòkò tún sán. Bàbá Ògúnṣakin, tí ó dàgbà jù láàrin wọn, wá bá a.

"Ọmọ ọba, a ti sin ọmọ mọ́kànlá lójú ọ̀nà. Bí a kò bá rí ilé títí ọ̀la, a ó padà lọ kú sórí eérú baba wa."

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbé àmù ìyá rẹ̀ lọ sétí odò, ó gbá a mọ́ra títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó rò ó pé amọ̀ tí ó ti la iná kọjá lè kọ́ èyí tí kò tí ì rí iná rí bí a ti ń fara dà á. Ó bá fọ́ àmù náà. Àwọn obìnrin figbe ta. Ó lọ àpáàdì rẹ̀ kúnná, omijé ń kán sí i, ó pò ó mọ́ amọ̀ funfun. Kò fún un ní ọrùn gígùn. Ó mọ ọ́n ní rìbìtì, ẹnu rẹ̀ gbòòrò. Ó sun ún. Iná kú, ìkòkò náà kò sán.

Bàbá Ògúnṣakin bi í pé, "Ta ni ó kọ́ ọ ní irú èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá. Inú mi ni mo ti dá a."

Ìdí nìyí tí ìlú yìí fi ń jẹ́ Àtinúdá. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó ṣe bí ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe, a ó ní ó mọṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbé ohun tí ojú kò rí rí jáde, òun nìkan ni à ń pè ní alátinúdá. A sì máa ń rọra pè é, nítorí a mọ̀ pé nǹkan kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró kò fojú kan Ẹrẹ̀pupa mọ́ títí ó fi kú. Títí di òní, bí ìyá amọ̀kòkò bá kú, ọmọ rẹ̀ kì í fi ìkòkò rẹ̀ pamọ́. Á lọ̀ ọ́ mọ́ amọ̀ tuntun, á fi mọ irú èyí tí ìyá náà kò mọ rí. Kò sí ẹni tí yóò kí i kí ó tó ṣe é. Ọjọ́ tí ó bá gbé e jáde nínú iná ni a óò tó lọ bá a nílé, tí a óò wí pé, "Kú àṣẹ̀yìndè."